Àgbálùmọ̀ Tó Bo Òṣùpá Mọ́ Òyìnbó Lójú

Nínú gbogbo òyìnbó tó gba Ìfọ̀nyìn kọjá nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìlú tí àwọn fúnra wọn ń kọ ní Ifangni torí pé ẹnu wọn kò gbà á, ẹyọ kan ṣoṣo ni a kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í ṣe kòmáńdà tó ń ṣàkóso agbègbè wa, kì í ṣe dókítà, kì í ṣe fadá, kò ra ẹ̀kùrọ́, kò ta aṣọ. Àbúrò ìyàwó kòmáńdà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Wọ́n ní àyà ń dùn ún nílùú wọn, kó wá gba oòrùn sára lọ́dọ̀ wa, kó sì máa fi ọ̀dà ya àwòrán kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Kòmáńdà kò fẹ́ ẹ nínú ilé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, n kò sì lè bá a wí sí ìyẹn, ló bá fi í ránṣẹ́ sí bàbá mi. Bàbá mi ni olórí àdúgbò wa, ẹni tí ìjọba ń pè ní ṣẹ́fù, ṣùgbọ́n ó ti ń lá àlá àtidi ṣẹ́fù gbogbo kàntọ́ọ̀nù, ìyẹn gbogbo ìlú àti abúlé tó yí wa ká, kí wọ́n fún òun ní fìlà pupa kí wọ́n sì máa gbé àga tẹ̀ lé òun. "Tí mo bá gba àna kòmáńdà sílé, kòmáńdà fúnra rẹ̀ ni mo gbà yẹn," ló ń sọ fún ìyá mi. Ìyá mi bi í pé kí ló dé tí kòmáńdà kò gbà á sílé ara tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti sọ òyìnbó náà ní Mùsíè Àna, Ọ̀gbẹ́ni Àna lédè wa, orúkọ yẹn ni gbogbo ilé sì ń pè é títí ó fi lọ.

Wọ́n kó yàrá iwájú méjèèjì fún un. Bàbá mi, olórí àdúgbò, kó ẹní rẹ̀ lọ sínú yàrá tí à ń kó àgbàdo sí, ó ń sùn sáàárín eku. Mùsíè Àna kì í jẹ ata, kì í jẹ ẹ̀gẹ́, kì í jẹ ẹja gbígbẹ; adìẹ ló ń jẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ ilé wa fi mọ ohùn rẹ̀, tó bá ti wúkọ́ lọ́dẹ̀dẹ̀ wọ́n á fọ́n ká. Ilé wa kì í dákẹ́ rí ṣáájú ìgbà yẹn. Ìró odó ló ń jí wa láàárọ̀, nígbà tí oòrùn bá sì gòkè, àwọn obìnrin ilé á jókòó yíká, wọn á máa fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́, kó, kó, kó, wọn á máa bú ara wọn, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Mùsíè Àna ní ariwo náà ń fọ́ òun lórí. Bàbá mi kó àwọn obìnrin lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ iwájú ilé wa lọ́dún yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan kú tí wọn kò tíì sọ fún wa.

Èmi ni ẹnu bàbá mi. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí olórí kọ̀ọ̀kan fi ọmọ kan sílẹ̀ fún ilé-ìwé, bàbá mi wo àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó rí i pé wọ́n wúlò fún oko. Ó wò mí, ó rí i pé n kò wúlò fún nǹkan kan. Bí mo ṣe di ọmọ lékòlù nìyẹn. Ọdún kẹta mi rèé, mo sì ti gbọ́ Faransé tó láti tọrọ omi, láti tọrọ gáfárà, àti láti máa fi yangàn lójú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ bí wa. Ògbufọ̀ ìjọba kò ní máa rìn wá sílé wa nítorí ọkùnrin tí kò níṣẹ́, nítorí náà èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni mo ń dúró láàárín bàbá mi àti Mùsíè Àna, tí mò ń gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ eléyìí tí mò ń gbé e fún tọ̀hún. Nígbà tí mo dàgbà, mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ògbufọ̀ nílé ẹjọ́, níwájú àwọn adájọ́ tó ń tòògbé, wọ́n sì máa ń yìn mí pé n kì í fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́yìn. Wọn kò bi mí rí níbi tí mo ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ tó kó ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó to àwọn ọ̀pá òjé kéékèèké tí ọ̀dà wà nínú wọn sórí tábìlì bí ẹni tó ń ta oògùn. Ó kan aṣọ funfun líle kan mọ́ igi onígun mẹ́rin, ó gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì túmọ̀ fún ìyá mi, pé òróró ni wọ́n fi ń po ọ̀dà náà. Inú ìyá mi dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òyìnbó náà sọ ohun tó yé e. Elépo ni ìyá mi, elépo ni ìyá tó bí i. Ó sáré wọlé, ó rọ epo tuntun sínú ìgò, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ní àná, ó kúnlẹ̀ ó sì gbé e fún un. Mùsíè Àna ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Sọ fún un pé èyí á ba àwòrán mi jẹ́. Epo yín kì í gbẹ."

Mo sọ fún un. Ìyá mi ní, "Ta ló ń wá epo tó máa gbẹ?" Ó gba ìgò rẹ̀ padà, ó dìde, kò sì tún kúnlẹ̀ fún un mọ́ títí ó fi kúrò nílé wa.

Ohun tí Mùsíè Àna fẹ́ yà ni oko ọ̀pẹ wa lábẹ́ òṣùpá, bó ṣe rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Ó ní ẹnikẹ́ni ní Faransé kò tíì rí irú òṣùpá bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni pé à ń so tiwa mọ́lẹ̀ níbí ni. Ó gbé àga rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo iwájú, ohun tó rí ni igi àgbálùmọ̀ ìyá àgbà mi. Igi ńlá ni, orí rẹ̀ fẹ̀, ó sì bo ọ̀pẹ àti òṣùpá mọ́ ọn lójú pátápátá. Tó bá gbé àga náà rin ogún ìṣísẹ̀ sí apá òsì, gbogbo rẹ̀ á hàn kedere. Mo ti dúró síbẹ̀ rí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òjìji wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ́jú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé kọfí fún un. Ó sọ fún mi, tàánútàánú, pé igi náà ni ìṣòro òun.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló gbin igi yẹn. Nígbà tó lóyún bàbá mi, kò sí ohun tó dúró nínú rẹ̀ àfi àgbálùmọ̀, ọjọ́ tó sì bí i, ó ri kóró èyí tó jẹ kẹ́yìn mọ́ ibi tí wọ́n da omi ìwẹ̀ ọmọ sí. Olú ni wọ́n sọ bàbá mi. Ìkejì Olú ni Ìyá Àgbà sì ń pe igi náà. Tí bàbá mi bá ṣe ohun tó dùn ún, igi ló máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn, a ó máa gbọ́ ọ tó ń gbá abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, "Ṣé o rí ohun tí ìkejì rẹ ń ṣe?" Abẹ́ igi yẹn ni a ti ń ṣa ẹ̀wà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun fún wa, abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń jẹun ìrọ̀lẹ́ tí ọyẹ́ bá dé tí èso rẹ̀ bá pọ́n, tí a ó máa retí kí ọ̀kan já bọ́ sínú abọ́ ẹlòmíràn. Títí di òní, tí mo bá rí àgbálùmọ̀ lórí igbá, mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn.

Bàbá mi kò jẹ́ kí Mùsíè Àna sọ ìṣòro rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Sọ fún un pé lọ́la a ó gé e." Mo ní láti sọ òótọ́ kan nípa òyìnbó náà níbí, òótọ́ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rí, torí ó ń ba ẹ̀gàn mi jẹ́. Ó kọ̀. Ó bi mí pé ta ló ni igi náà, mo ní ìyá àgbà ni. Ó ní, "Òun ni kí ẹ bi, nígbà náà. Tó bá ní rárá, rárá ni." Ó sì dìde fúnra rẹ̀, ó ní kí a jọ lọ bi í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi bí a ṣe ń lọ. Ní àná ọjọ́ náà, Mùsíè Àna ti fún mi ní bọ́ńbọ́, àdídùn òyìnbó, ó sì ti ṣèlérí pé òun á ya èmi náà sínú àwòrán, níwájú gan-an, pẹ̀lú ìkòkò omi lórí, kí òṣùpá máa tàn sí mi lára. Kí agogo ilé-ìwé tó lù láàárọ̀, gbogbo kíláàsì ti gbọ́. Mo ti sọ fún wọn pé wọn á gbé mi lọ sí Párísì, wọn á fi mí kọ́ ara ògiri. Ọmọ tí ó ti wà lára ògiri ní Párísì kò fẹ́ kí igi kan dí òun lọ́nà.

Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ igi, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Bàbá mi dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo sọ ohun tí òyìnbó wá bèèrè. Ìyá Àgbà ṣa òkúta méjì kúrò nínú ẹ̀wà náà, ó jù wọ́n nù, kó tó gbójú sókè.

"Àbẹ̀kẹ́, sọ fún un pé igi yìí àti ọmọ mi tó dúró yìí, ọdún kan náà ni wọ́n. Sọ fún un pé ìgbà tí ọkọ mi kú tí wọ́n ní kí n padà sílé bàbá mi, igi yìí ni mo dì mú tí mo ní n kò lọ. Sọ fún un pé òṣùpá kò jókòó sẹ́yìn igi mi nìkan. Kó gbé àga rẹ̀ sí ojú ọ̀nà, kó wò ó títí á fi sú u, mo máa ní kí wọ́n gbé kọfí rẹ̀ lọ bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igi mi, n kò gbà. Sọ fún un dáadáa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé n kò gbà."

Mo yíjú sí Mùsíè Àna. Mo ní, "Wíì, mùsíè."

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn.

Mùsíè Àna ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹrí ba fún un dé ìbàdí. Ìyá Àgbà rò pé kíkọ̀ òun ló ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Òyìnbó yìí tilẹ̀ ní ẹ̀kọ́." Mo wo bàbá mi. Kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n "wíì", bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó, ni gbogbo ohun tí òun alára máa ń sọ ní ọ́fíìsì kòmáńdà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí tábìlì, kò sì sí bó ṣe lè ṣì í gbọ́. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ wò ó bóyá omi kọfí ti hó.

Ọjọ́ ọjà Ìyá Àgbà ni ọjọ́ kejì, bàbá mi sì dúró kó jáde tán. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin gé igi náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wà láàárín orí. Nígbà tó ṣubú, èso tútù tó wà lórí rẹ̀ fọ́n kún gbogbo iwájú ilé, gbogbo wọn àwọ̀ ewé, ọ̀kan nínú wọn kò tíì pọ́n, àwọn ọmọdé sì ń já wọn jẹ títí oje fi lẹ ètè wọn pọ̀. Èmi náà jẹ. Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó dúró, kò sọ ẹrù náà kalẹ̀.

"Olú, ta ló ní kí wọ́n gé e?"

"Òyìnbó ni, Ìyá," ni bàbá mi wí. "Àṣẹ ni. Kí ni mo lè ṣe?"

Mùsíè Àna jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún ṣí fìlà fún un, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Àgbà wò ó. Ó yíjú kúrò lára rẹ̀, ó wo èmi, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá wọlé tòun ti ẹrù lórí. N kò lanu. Ó rọrùn kí òyìnbó jẹ́ òpùrọ́ ju kí èmi jẹ́ ọ̀kan lọ, òun náà kò sì gbọ́ èdè wa tí á fi gbèjà ara rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe yàwòrán òṣùpá tí a tìtorí rẹ̀ gé igi. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó jókòó títí a fi jẹun tán. Ní ìkejì, ẹ̀fọn lé e wọlé kí òṣùpá tó gòkè ọ̀pẹ. Ní ìkẹta, ọyẹ́ ti dé, eruku ti bo ojú ọ̀run, òṣùpá sì rí bí abọ́ tí wọn kò fọ̀. Kò tún jáde wò ó mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀sán gangan ló ń ya òṣùpá, oòrùn á máa pa á, òógùn á máa bọ́ lójú rẹ̀, tí yóò máa fi bùrọ́ṣì po dúdú mọ́ búlúù, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí oko ọ̀pẹ tó ní òun ń yà. Ó ní òun ti ní in lórí. Bí ó bá ti ní in lórí, kí ló wá wá sí Ìfọ̀nyìn?

Nígbà tó parí, bàbá mi pe gbogbo ilé jọ. A wò ó. Òṣùpá inú rẹ̀ funfun bí ẹyin tí wọ́n bó, ó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù yóò bà ọ́ kó má já lu orí ilé. Àwọn ọ̀pẹ wa rí bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ sókè. Odò wa, tí àwa ọmọdé ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti di omi ńlá, ọkọ̀ kan sì wà lórí rẹ̀. Mo wá ara mi níwájú, mo wá ara mi lẹ́bàá odò, mo wá ara mi nínú ọkọ̀ náà. N kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀, bíi pé kò sẹ́ni tó gbé ilẹ̀ yẹn rí. Ṣùgbọ́n ní ibi tí igi àgbálùmọ̀ ti dúró gan-an, ó ya igi kan síbẹ̀, gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́.

Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn. Ó nawọ́ sí i, kò fọwọ́ kàn án. "Bi í léèrè. Igi wo nìyí?"

Mo bi í. Ó ní igi lásán ni, pé ibẹ̀ ṣófo jù, pé àwòrán náà kò lè dúró láìsí igi níbẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, lọ́rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ti pẹ́ jù tí n óò fi ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó rọra ń mì í léjìká, ó sì wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú igbá kan.

"Ìyá, níbo lẹ ń lọ?" ni bàbá mi bi í.

"Làgbé, sílé bàbá mi. Sọ fún òyìnbó rẹ kó ya ìyá kan síbẹ̀ fún ọ."

Mùsíè Àna gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ kí ọyẹ́ tó tán. Kòmáńdà fi páálí bísíkí kan ránṣẹ́ sí bàbá mi láti fi dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n yan ṣẹ́fù kàntọ́ọ̀nù, ọkùnrin kan láti apá Kó-Kúmólú ni wọ́n yàn, tí kò gba àna ẹnikẹ́ni sílé rí. Bàbá mi lọ sí Làgbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lérò pé Ìyá Àgbà á bú òun, kí òun lè dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ sì parí. Ìyá Àgbà fún un lómi, ó se oúnjẹ fún un, ó béèrè àgbàdo, ó béèrè ọmọ, ó sì sìn ín dé ojú ọ̀nà. Kò dárúkọ igi. Ọkùnrin náà á padà wálé, á máa jágbe mọ́ gbogbo wa. Nígbà yẹn mo kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ní báyìí tí mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà lọ, mi ò tíì dárí jì í tán. Mo kàn mọ̀ pé ẹlẹ́gbẹ́ mi ni.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ nígbà tí ìyá mi di gàrí àti ẹja fún mi pé kí n gbé e lọ fún Ìyá Àgbà. Mo bá a tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé àwọn ará ilé bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, n kò sì lè dìde. Mo sọ fún un. Mo sọ bọ́ńbọ́, mo sọ àwòrán, mo sọ "wíì".

"Mo mọ̀," ló wí. Kò dá ọwọ́ dúró. "Kì í ṣe lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo dé láti ọjà tí mo bá igi nílẹ̀ ni mo tó rò ó. Ohun tí mo sọ gùn. Ohun tí o sọ fún un kò kún ẹnu."

"Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Kí n sọ ọ́, kí bàbá rẹ lè rí ẹni tó máa di ẹrù rẹ̀ lé lórí? Ọmọ ọdún mẹ́wàá? Kó gbé e fúnra rẹ̀." Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. "Ìwọ náà ní tìrẹ. Dìde dúró. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, wá sọ ọ́ ní Faransé, kí n gbọ́."

"Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́ Faransé, Ìyá Àgbà."

"Mo ní kí o sọ ọ́."

Mo dìde. Mo sọ ti igi àti ọmọ tí wọ́n jẹ́ ọdún kan náà, mo sọ ti ikú ọkọ, mo sọ ti òṣùpá àti àga àti kọfí. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò mọ̀, mo wá wọn títí, mo gba ẹ̀yìn wọn yọ. Mo ń sunkún, ohùn mi ń já. Ìyá Àgbà tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mi. Nígbà tí mo dé "kò gbà", mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, dáadáa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo sì dákẹ́.

Ó dúró díẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣì kù.

"Ó gùn tó," ló wí. Ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́.